Ọmọ Ọdẹ Nínú Ilé Olókùúta

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ògiri yẹn!"

Ohùn ọkùnrin ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó wà lórí àkàbà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú padà, ó sì rí géńdé kan tí eruku funfun bo gbogbo orí rẹ̀ bí ẹni tó hu ewú lóòjọ́. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń wo ògiri náà, ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ló jọ.

"Ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rẹ́ ibẹ̀ tán. Kò tíì gbẹ dénú."

"Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ èmi náà, iṣẹ́ ni wọ́n pè mí wá ṣe. Níbo wá lẹ fẹ́ kí n so kámẹ́rà mọ́? Ṣé orí yín ni?"

Ọkùnrin náà wòkè, ó wolẹ̀, ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lẹ́nu. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó máa wá nu ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, orí mi rè é."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọbìnrin yìí, torí kò sí òkè tí kò lè gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ aṣọ́lé sínú ilé onílé: kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, àti aago ìdágìrì tó ń pariwo bí olè bá wọlé. Kò sí wáyà kankan láàárín wọn. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àpótí kan wà láàárín ilé tí wọ́n ń pè ní ìyá. Àwọn tó kù ni ọmọ. Bí ọmọ kan bá rí nǹkan, á ké sí ìyá rẹ̀, ìyá á sì ta onílé lólobó lórí fóònù. Nínú ilé ìgbàlódé, Ọ̀kẹ́rẹ́ lè parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ilé Olókùúta kì í ṣe ilé ìgbàlódé. Òkúta gidi àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ọmọdé lè na gbalaja sójú fèrèsé kó sùn fọnfọn. Ìyá Àgbà ló ń gbé ibẹ̀, opó tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, torí ó ti pa á dà tó ìgbà mélòó kan. Géńdé eléruku yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Bíríkìlà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ilé àtijọ́ ló ń tún ṣe káàkiri, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn tó èyí tí wọ́n bí i sí.

Olè ló fa ẹ̀rọ wá síbẹ̀. Láìpẹ́ sígbà náà, àwọn àwo fàdákà Ìyá Àgbà dàwátì nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ kankan ò bàjẹ́, fèrèsé kankan ò fọ́. Àkọ́bí Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún olóògbé bàbá Bíríkìlà, ni gbogbo ẹbí ń pè ní Alága, torí ibi yòówù kó jókòó sí, ibẹ̀ ni ìpàdé. Ó ní bí ẹ̀rọ ò bá lè ṣọ́ ilé náà, kí ìyá òun kó wá sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n tà á.

"Inú ilé yìí ni mo ti bí ẹ," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "O fẹ́ ta ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ igbe ẹ?"

Ọjọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò, ojú tì í débi pé ilẹ̀ ì bá lanu kó wọlé lọ. Gbogbo ẹbí pé sí pálọ̀, Oníṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Alága ni, ẹ̀yìn ilé náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń ta ohun èlò àtijọ́. Wọ́n ní kí Bíríkìlà ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí olè. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún un ṣí. Aago ò dún.

"Ẹ̀rọ yín yadi ni?" Alága bú sẹ́rìn-ín. Oníṣọ́ọ̀bù bá a rín in.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ojú Ìyá Àgbà. "Kò yadi, sà," ló wí. "Ògiri yìí ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Ìgbà tí wọ́n túká, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó gbórí lé orúnkún. Bíríkìlà gbé búrẹ́dì àti ẹyin dín wá bá a.

"Ẹ jẹun. Ebi àti ìtìjú kì í gbé inú kan náà."

"Ìtìjú ti yó mi."

"Ẹ gbọ́, kò sí òkúta kan nínú ilé yìí tí mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Láti yàrá dé yàrá, Ọ̀kẹ́rẹ́ á gbé fóònù sókè láti wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó, Bíríkìlà á sì fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. "Òkúta ni gbogbo ibí, ẹ fi í sílẹ̀. Amọ̀ ló wà lókè fèrèsé yìí, ó fúyẹ́. Ẹ dán ibẹ̀ wò." Ibi tó bá tọ́ka sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á jí. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí, tó ń gba ọ̀rọ̀ yàrá kan, tó sì ń tún un sọ fún yàrá kejì.

"Kí lẹ ń pe èyí?" Bíríkìlà bi í.

"Alárinà."

"Ẹ ṣeun jàre! Èmi àtẹ̀yin ńkọ́, ṣé a nílò alárinà?"

"Ògiri wo ló wà láàárín wa?" Ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó mọ̀. Ó yára gun àkàbà lọ sókè, bí ẹni pé nǹkan kan ń jóná níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ rọra wọ àárín wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" lẹ́nu wọn. Bíríkìlà á gbẹ́ ààyè kótópó sínú ògiri fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, á rẹ́ ẹtí rẹ̀ yíká, ojú ògiri á sì jọ̀lọ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ á wò ó níbi tó ti ń ṣe é. Kò rí ọkùnrin tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí. Bíríkìlà náà, bí kò bá gbọ́ ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ láàárọ̀, iṣẹ́ á sú u.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lókè àkàbà, ìsó wà láàárín ètè rẹ̀, Bíríkìlà di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Olólùfẹ́ mi, sọ̀ kalẹ̀."

"N ò tíì parí."

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò lè dúró. Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

Àwọn ìsó náà já bọ́ wọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ di òkè àkàbà mú.

"Di àkàbà yẹn mú dáadáa o."

"Mo ní ṣé o gbà?"

"Ṣebí àkàbà ni mo ní kí o dì mú. Èmi ti wà lọ́wọ́ ẹ tipẹ́."

Inú ìdùnnú yìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wà tó fi délé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ aṣọ́lé ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, òun ló sì sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́ láti kékeré. "Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá," ló máa ń wí, á sì nawọ́ sókè kó lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ náà, tíì ló ń mu nígbà tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá mi, mo ti rí ẹni tí ọkàn mi yàn."

"Ó mà dára o! Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ilé Olókùúta ni. Ilé ńlá onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí mo ti ń ṣiṣẹ́."

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Tíì dà sórí tábìlì.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti lé mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ pé wọ́n lé bàbá òun níbi iṣẹ́ kan rí. Ó rántí bí àwọn ọmọdé ṣe ń pè é ní ọmọ olè títí wọ́n fi kó kúrò ládùúgbò náà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò dárúkọ ilé náà fún un rí.

"Góòlù ìyá wọn ló sọnù," ni bàbá wí. "Wọ́n ní ilẹ̀kùn kankan ò bàjẹ́, nítorí náà èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún olè. Oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé ní òun rí mi tí mo ń hanrun. Ọmọ mi, mi ò sùn. Ẹnikẹ́ni ò gba ẹnu ọ̀nà tí mo ń ṣọ́ kọjá. Alága fúnra rẹ̀ ló ti mí jáde lójú gbogbo àdúgbò, ó sọ ẹrù mi tẹ̀ lé mi."

"Bàbá mi, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Mi ò bínú sí ọmọkùnrin náà, ọmọdé ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí èmi ò lè wọ̀, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ fi ṣe ilé ọkọ?"

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ ro gbogbo rẹ̀ fún Bíríkìlà, omijé ń dà lójú rẹ̀. Bíríkìlà ní àwọn ò gbọdọ̀ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́, ó mú un lọ síwájú Ìyá Àgbà àti Alága, ó sì là á yé wọn.

Alága fò dìde. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ olè la kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún?"

"Ẹ lè pe èmi ní ohunkóhun, sà," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Ẹ má pe bàbá mi lólè."

"Kó jáde! Ìwọ náà, bí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní bàbá mọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi," ni Bíríkìlà dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n yàn. Ẹni tí màá yàn á dùn yín."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Èmi ni mo pè é síṣẹ́, èmi náà ni màá sọ pé ó tó. Ó ku yàrá kan. Kó parí rẹ̀."

Yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ilé ni yàrá tó kù. Ògiri tó pààlà sí ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó nípọn tó o nínú gbogbo ilé náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ wọlé pẹ̀lú ọkàn wúwo, ó gbé fóònù sókè bí ìṣe rẹ̀, ó sì dúró sójú kan.

"Olólùfẹ́ mi, wá wo nǹkan."

"Kí ló dé?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé ló ń wọlé síbí, ó sì ń wọlé wàràwàrà. Àwọn yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, mi ò rí i níbẹ̀ rárá. Báwo ló ṣe gba inú òkúta kọjá?"

"Kò lè gba inú òkúta kọjá."

"Mo mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe òkúta ló wà níbí."

Wọ́n wo ara wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà kan fẹ̀yìn ti ògiri náà láti ayébáyé. Bíríkìlà ṣí i, ó fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ nínú. Ó dún bí àpótí òfìfo. Ó ti pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó rọra yọ̀, kò han rárá. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọjá láyé ìgbà tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti ẹnì kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ fọwọ́ kan irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí. Ó gbé ọwọ́ náà sójú. Òróró tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á sí i.

"Bàbá mi ò sùn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Bàbá mi ò sùn o!"

Bíríkìlà gbá a mọ́ra. Ìgbà tó yá, inú bí i, ó gbé òòlù, ó fẹ́ fò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kẹ́rẹ́ dì í mú.

"Má lọ. Tó o bá lọ, á ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n sọ fún. Obìnrin arúgbó náà wo ilẹ̀kùn náà títí, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yọ lójú rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ."

Ó fọ̀pá tilẹ̀ lọ kí Oníṣọ́ọ̀bù, ó ráhùn fún un títí ọ̀rọ̀ fi sú onítọ̀hún. Ó ní ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́, ògiri ti gbé e mì, wọn ò ní pẹ́ tú u dànù. Ó ní ọ̀la gan-an ni òun ń lọ sílé ìwòsàn, gbogbo ẹbí ló ń sin òun lọ, àpótí góòlù tó ṣẹ́ kù fún òun sì wà lórí tábìlì, òun ò mọ ibi tí òun lè fi í pamọ́ sí. Oníṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n má dààmú, òun á máa fojú sí ilé náà fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ parí yàrá tó kù, ó dojú kámẹ́rà kọ kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ilé Alága ni gbogbo wọn wà. Alága ti kanra, torí Ìyá Àgbà ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ó ń bèèrè ohun tí wọ́n wá ṣe nígbà tí gbogbo fóònù tó wà nínú pálọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ wò ó, sà," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ó gbé tirẹ̀ fún un.

Alága wò ó. Nínú àwòrán náà, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí láti inú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì jáde, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀ bí ẹni tó wọlé ara rẹ̀. Ó bọ́ sí yàrá Ìyá Àgbà, ó gbé àpótí sábẹ́ apá.

"Èyí... èyí kọ́ ni..."

"Òun ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Aago ìdágìrì bú jáde ní Ilé Olókùúta. Ògiri ò lè gbé e mì mọ́. Àwọn alárinà gbà á láti yàrá dé yàrá, títí gbogbo àdúgbò fi tú síta. Oníṣọ́ọ̀bù sá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó já sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bá àwọn ọlọ́pàá tí Bíríkìlà ti lọ bá láàárọ̀, tí wọ́n ń dúró dè é. Wọ́n ṣí àpótí náà. Èérún òkúta ni Ìyá Àgbà kó sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Oníṣọ́ọ̀bù ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: àwọn àwo fàdákà, àti góòlù ayé ijọ́un tí wọ́n torí rẹ̀ lé ọdẹ.

Alága ṣí fìlà lórí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Mo ti aláìṣẹ̀ síta bí ajá. Ọmọ mi, mú mi lọ bá bàbá rẹ."

Ó lọ. Ó fi orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ nínú yàrá kékeré náà, ó tọrọ àforíjì. Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ ọ tán, ó ní kó dìde.

"Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé lẹ ti sọ mí lórúkọ yẹn. Inú yàrá kọ́ lẹ ti máa gbà á padà."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Alága dáhùn. "Ẹ fún wọn láṣẹ kí wọ́n fẹ́ra. Ilé wa ni kí a ti ṣe é. Ẹ óò gbọ́ ohun tí mo máa sọ."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Èrò kún ojú pópó dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ aṣọ funfun, ó fi apá kọ́ apá bàbá rẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu géètì. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan án. Ó gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbọ́ o! Ọkùnrin yìí ṣọ́ ilé yìí tọkàntọkàn. Kò sùn, kò jalè. Èmi ni mo pa irọ́ mọ́ ọn níwájú yín, èmi náà ni mò ń jẹ́wọ́ níwájú yín. Àna mi, ẹ máa wọlé!"

Ó ṣí géètì gbayawu. Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró díẹ̀, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbórí sókè, ó sì mú ọmọ rẹ̀ gba àárín géètì kọjá. Ìyá Àgbà ti fi àga kan sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, níwájú pátápátá.

Bíríkìlà ń dúró nínú pálọ̀. Ó ti fọ irun rẹ̀, kò sí eruku níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ti fẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́.

"Ìyàwó mi," ló wí.

"Ọkọ mi," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn. Wọ́n fi òrùka sí ara wọn lọ́wọ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí.

Nígbà tí jíjẹ àti mímu dé àárín, ẹ̀rín kan bú jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ẹ̀rín gbankọgbì tó bo gbogbo ohùn yòókù. Ọ̀kẹ́rẹ́ dáwọ́ oúnjẹ dúró. Kò gbọ́ ẹ̀rín náà láti ìgbà tó ti wà ní kékeré.

"Ta nìyẹn?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Bàbá mi ni," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Bàbá mi ló ń rẹ́rìn-ín."